Obìnrin Tó Gbẹ́ Ẹkù sí Kotobabi

"Pa iná yẹn kí o tó tẹ̀lé mi."

Ohun tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó fi àpò ṣìmẹ́ńtì borí nítorí òjò, ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Mo pa iná náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Adédùntán lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi, Màámi ni mo ń pè é, Pamí lòun ń pè mí. Ọtí ló ń sè. Ògógóró, èyí tí àwọn ará Accra ń pè ní apẹtẹ́ṣì. Níbi ìsìnkú rẹ̀, pásítọ̀ wa ní oníṣòwò tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Kò sọ òwò tó ṣe. Gbogbo wa ń wolẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mi ò jìnnà.

Accra ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sí Ìkìrun lọ́mọdé, sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń dá ẹmu níbẹ̀. Igbà ló fi ń gun ọ̀pẹ. Ìyá àgbà ń ṣe epo, Màámi sì ń bá a tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, ihò ńlá tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òun ò tíì gbàgbé. Bí ó bá ń fọ ẹsẹ̀ lálẹ́, á ní, "Wò ó, ó ṣì pupa."

Ìgbà tó padà sí Accra ló kọ́ ọtí sísè. A ń gbé ní Kotobabi, nínú àgbàlá ìyá kan tó ń jẹ́ Afua. Àgbá irin méjì, páìpù bàbà kan, àti kòtò iná. Ẹ da ẹmu tó ti kan sínú àgbá kan, ẹ dáná sí i. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú àgbá kejì tó kún fún omi tútù, á sì máa kán sínú ìgò bí omijé. Ohun tó bá ṣẹ́kù sínú àgbá iná la ń pè ní gẹ̀dẹ̀. Ìgò ọtí kan, gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ á tó ìgò mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ń bi wá ibi tí à ń dà á sí.

Ẹmu la fi bẹ̀rẹ̀. Lapaz ni Màámi ti ń rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé e wọ ìlú nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọdún ń gorí ọdún. Kò béèrè bí wọ́n ṣe ń dá a. Kí ló fẹ́ béèrè? Ṣebí ọmọ adẹ́mu ni.

Ní ọjọ́ kan ẹmu ò wá. Ó bínú, ó wọ ọkọ̀ tróòtró, ó tẹ̀ lé ẹni tó ń tà á fún un lọ sóko, lẹ́yìn Nsawam. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó bá ọ̀pẹ nílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan. Gbogbo wọn ló nà gbalaja, imọ̀ wọn ti rọ. Wọ́n dá ihò sí ọ̀pẹ nítòsí imọ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi iná jó ojú ihò náà kó lè máa sun ẹmu. Ìkòkò wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Bó bá gbẹ, ó parí.

Màámi dúró. Mo rò pé ìyà oòrùn ni.

"Ta ló wó wọn?" Ó fi Twi béèrè.

Ọkùnrin olóko rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Báwo ni ẹ ṣe ń dá a nílùú yín, ìyá Alata?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"À ń gùn ún."

"Ta ló fẹ́ gun èyí? Ìwọ?" Ó nawọ́ sí ọ̀pẹ kan tó ṣì dúró. "Àbúrò mi gun ọ̀kan. Kò rìn mọ́."

Òótọ́ ni, igbà a máa já. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ó ní, "Pamí, wọ́n ń pa màlúù kí wọ́n tó fún wàrà rẹ̀." Ó ní ọ̀pẹ tí bàbá òun ń dá kó tó fẹ́yàwó ṣì ń fún wọn lẹ́mu lọ́jọ́ tí òun kúrò ní Ìkìrun. Kò ra ẹmu mọ́.

Ó kan ìrèké.

Mùbárákù ló ń kó o wá. Oko ìrèké rẹ̀ wà lápá Nsawam kan náà. Á fún omi rẹ̀ lóko, á dì í sí kẹ́ẹ̀gì, á fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e wá, èyí tí wọ́n ń pè ní aboboyaa. Á tún kó ìrèké tó ti fún gbẹ wá pẹ̀lú. Ìyẹn la fi ń dáná. A ò ra igi. Ìrèké tí wọ́n gé lónìí á tún hù. Màámi ń kọrin. A rò pé a ti jàre.

Gẹ̀dẹ̀ ìrèké kò jọ ti ẹmu. Ó dúdú. Ó gbóná, ó kan, bó bá di ọjọ́ kejì á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gọ́tà la ń dà á sí. Gọ́tà náà ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kànga sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kànga yẹn ni gbogbo àgbàlá ń lò. Omi ẹ̀rọ a máa wá nígbà tó bá wù ú.

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni Fatawu. Ó ń rán bàtà. Ará òkè ni, lẹ́bàá Tamale ní àríwá, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun àti Màámi a máa bú ara wọn láràárọ̀ bí ẹni ń kíra. Hàjíà Ọlọ́tí ló ń pè é. Àlùfáà ni Màámi ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlùfáà kankan.

"Hàjíà Ọlọ́tí! Wá gbóòórùn omi rẹ!"

"Omi mi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo gbẹ́ kànga?"

Ó gbé búùtà rẹ̀ sókè. "Wàláhì, bí mo bá fi èyí ṣe àlùwàlá, àwọn mọ̀láíkà á bi mí pé ìgò kejì dà."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tó fi imú sí i. Ẹ̀rín náà dúró.

Afua jáde. Ó gbọ́ òórùn náà, ó fi ọwọ́ bomú. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Màámé, àwọn ọmọ ń fi omi yìí wẹ̀." Ó wọlé padà.

Màámi ò dáná lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra ẹ̀gẹ́.

Gẹ̀dẹ̀ ẹ̀gẹ́ ki bí ògì. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ń du ara wọn láti gbà á. Ìṣòro gọ́tà tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ò dà bí ìrèké. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè é kó tó lè kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tún gbé e kaná láti mú ọtí jáde. Iná lẹ́ẹ̀mejì. Ìrèké gbígbẹ ò sí mọ́, igi la ń rà. Ọkọ̀ igi kan dé, ó tán. Òmíràn dé. Èéfín gba àgbàlá, Màámi ń wúkọ́, Afua ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn.

Fatawu wá síbi tí a to igi sí. Ó lóṣòó. Ó fi ọ̀bẹ ìránbàtà fá èèpo ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Hàjíà, ta ló tà á fún ọ?"

"Onígi."

"Ṣé o mọ igi tó jẹ́?"

"Igi tó ń jó."

"Igi òrí ni." Kò wò wá. "Lára igi yìí ni ìyá mi ti bọ́ àwa mẹ́fà. Ẹni tó bá gbìn ín kì í tètè rí èso rẹ̀. Wọ́n á gé e lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á gbé e wá sí Accra, ẹ ó fi se ọtí."

Màámi jókòó sórí igi náà, ó sì yára dìde bí ẹni tó jókòó lé ènìyàn.

"Kí ni kí n wá fi ṣe ọtí, Àlùfáà? Atẹ́gùn?"

"Má ṣe ọtí."

"Ìwọ náà má rán bàtà."

"Bàtà kì í gbé èèyàn ṣubú sí gọ́tà."

"Èyí tí o rán fún mi lọ́jọ́sí ńkọ́? Ibo ló gbé mi sí?"

Fatawu rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó lọ.

Àwọn tó mọ̀wé lè ṣírò ohun tí ọtí ń bà jẹ́. Bí Màámi ṣe sọ ọ́ nìyí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ń bó ẹ̀pà fún mi: "Ẹmu ń jẹ ọ̀pẹ. Ẹ̀gẹ́ ń jẹ igbó. Ìrèké ń jẹ omi. Kò sí èyí tí kì í jẹun. Èwo la lè so mọ́lẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Igi tó ti ṣubú, mi ò lè gbé e dúró. Gẹ̀dẹ̀, mo lè sé e mọ́."

Ó tọ Afua lọ. Ó kúnlẹ̀, àgbà bíi tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ padà sórí ìrèké, òun ó gbẹ́ ihò tí gẹ̀dẹ̀ á máa tutù sí, Mùbárákù á sì máa kó o padà sóko láti fi pò mọ́ omi fún ìrèké rẹ̀. Ẹ̀kán kan ò ní kan gọ́tà. Afua gbọ́ ọ tán. Ó ní ó dáa. Ó ní bí kànga bá rùn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Màámi kó àgbá rẹ̀ jáde, kó sì kó ara rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ta ló fẹ́ gba ẹni tó ń se ọtí sínú àgbàlá ní Kotobabi? Kò sí. Màámi mọ̀. Iṣẹ́ mìíràn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ilé mìíràn ò sì sí.

A gbẹ́ ihò náà sẹ́yìnkùlé, láàrin ilé ìdáná àti ògiri búlọ́ọ̀kù aládùúgbò. Màámi fúnra rẹ̀ ló po amọ̀. Ó ká aṣọ sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọ orin Ìkìrun tí mi ò gbọ́ rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹkù epo ló ṣe é. Ó rẹ́ ẹ, ó fi òkúta dán an. Ó dára. Nígbà tó parí, mo rí ihò kan nísàlẹ̀, ó fẹ̀ tó ife. Ó yọ sí kòtò tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kòtò náà sì lọ tààrà sí gọ́tà.

"Màámi, kí ni ihò yìí wà fún?"

"Ojú ẹkù ni. Ẹkù gbọ́dọ̀ lójú. Bí a bá kó epo tán, ibẹ̀ la ń gbà tú omi rẹ̀ dà."

"Ṣé a fẹ́ tú tiwa dà ni?"

Ó wò mí. Ó wo ihò náà. Ó gbá mi lórí, ó sì jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ọwọ́ ló ṣe é o. Orí ò sí níbẹ̀."

Amọ̀ ti tán, ọwọ́ sì ti ń ro ó. A fi èèkàn igi dí i, a fi àkísà yí i ká, a fi amọ̀ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ẹkù bá ṣófo tó sì gbẹ dáadáa, a ó mọ ọ́n pa.

Kò ṣófo rí. Iṣẹ́ ń lọ. Mùbárákù ń bu èyí tó tutù lọ, a sì ń da tuntun sí i. Kànga mọ́. Fatawu tún bẹ̀rẹ̀ èébú rẹ̀. Afua ń dáhùn bí a bá kí i.

Oṣù kẹfà dé pẹ̀lú òjò rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹkù kún dé etí. Mùbárákù yẹ kó ti wá. Ó pè pé ẹnjìnnì aboboyaa òun ti kọ̀, òun wà lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀run ṣú láti apá Tẹ́mà. Omi ìrèké tó ti kan wà nílẹ̀, àgbá wà lórí iná.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró."

"Èyí á bàjẹ́ di ọ̀la. Jẹ́ kó kán tán."

"Òjò ń bọ̀."

"Mo rí i. Ojú mi ò fọ́. Fa tapólì wá."

A ta tapólì lé ẹkù, a fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí rẹ̀. Atẹ́gùn dé kí òjò tó dé. Ó ká igun kan sókè. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ká igun kejì. Òjò sọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tú iyanrìn sórí páànù. Tapólì lọ. A rí i lórí ògiri, a ò rí i mọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún. Agbada ìwẹ̀ kún. Ìkòkò ọbẹ̀ kún. Màámi da ìrẹsì sílẹ̀ lórí ẹní kó lè rí àpò rẹ̀ lò. Bí a ṣe ń gbọ́n tó ni òjò ń dá a padà. Gẹ̀dẹ̀ náà ń mì létí ẹkù, dúdú, ìka kan ló kù kó yọ.

Mo sáré wọ ilé ìdáná láti wo iná. Màámi tẹ̀ lé mi, ó ń wá ohun mìíràn tó lè kún. Ìgbà náà la gbọ́ Fatawu láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Hàjíà! Ẹkù rẹ ń tọ̀!"

Kì í ṣe etí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni. Àkísà ti rọ̀. Omi dúdú tóóró kan ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn, ó ń wá ọ̀nà gọ́tà.

Màámi wo iná. Omi inú àgbá ìtutù ti ń hó, ooru ọtí ti ń jáde lẹ́nu páìpù láìdi omi. Bí iná bá kàn án, ilé á gbiná. Ó mú àpò ṣìmẹ́ńtì, ó sọ ohun tó sọ.

Mo fi irin wọ́ ìrèké tó ń jó jáde. Mo da omi sí i. Mo da iyanrìn sí i. Èéfín bo ojú mi. Mo gbọ́ ìró kan bí ààrá, ilẹ̀ mì. Mo rò pé ààrá ni. Mo dúró kí n rí i pé ẹyin iná kankan ò kù, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo jáde.

Ògiri ò sí mọ́.

Màámi ti wọ inú kòtò tóóró yẹn kí ògiri tó wó lé e. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti èèkàn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri kó lè lágbára. Àwọn kan ń sọ káàkiri pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ògiri náà wó. Irọ́ ni. Omi ló kó jọ sẹ́yìn ògiri ní ilé kejì. Mo rí omi náà.

Fatawu ti ń gbé búlọ́ọ̀kù kí n tó dé. Aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kírun ló wà lọ́rùn rẹ̀. A gbé, a jù. A gbé, a jù. A rí orí rẹ̀. A rí èjìká rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi sí. Èèkàn náà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì yọ.

Mo fẹ́ fà á. Fatawu ní, "Dúró."

Mo bú u. Mo bú ìyá rẹ̀. Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn.

Fatawu wọ inú kòtò náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó súnmọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ di èèkàn mú. Ó ní, "Gbé e báyìí." Bí mo ṣe fà á kúrò, òun jókòó sí ojú ibẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì í. Gẹ̀dẹ̀ ń ṣàn wọ ọrùn aṣọ rẹ̀. Mo gbé Màámi lọ. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tó jókòó síbẹ̀ nínú òjò, ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì.

Afua ló bá mi wá ọkọ̀. Ní ọsibítù, dókítà ò pẹ́ kó tó jáde sí wa.

Wọ́n ní Fatawu ò dìde títí òjò fi dá, títí Mùbárákù fi dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́n ẹkù gbẹ. Mùbárákù sunkún bó ṣe ń gbọ́n ọn. Ó ní ẹnjìnnì, ẹnjìnnì. Mi ò bá a wí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí Afua nídìí kànga. Ó fa omi. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wá síwájú yàrá wa, ó gbé e kalẹ̀. Kò sọ pé kí n kó jáde. Kò sì sọ pé kí n dúró.

Fatawu ti fọ aṣọ yẹn. Ó ṣì ní ibi dúdú kan lẹ́yìn, ó tóbi bí àwo. Láàárọ̀ yìí ó jáde pẹ̀lú búùtà rẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn wa, ó la ẹnu. Ó ti fẹ́ pe Hàjíà. Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Pamí, o ti jẹun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa.

Ó lọ síbi iṣẹ́. Afua lọ sọ́jà. Àgbàlá ṣófo.

Ẹkù ti gbẹ. Oòrùn ti wọ inú rẹ̀. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì Afua lọ sẹ́yìnkùlé, mo da omi náà sórí amọ̀ tí mo kó wá lánàá, mo ká ṣòkòtò sókè, mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ orin rẹ̀. Nígbà tó rọ̀, mo wọ inú ẹkù, mo fa èèkàn yọ, mo fa àkísà jáde. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú rẹ̀ wọlé. Mo bu amọ̀ kan, mo kì í sí i. Mo bu òmíràn. Mo fi òkúta rẹ̀ dán an.